Ṣé kí n gba ọgbà àjàrà ní Pantelleria? Ìdáhùn sí ìbéèrè òǹkàwé kan

Òǹkàwé wa kan tó ń gbé ní Palermo, ní erékùṣù Sísílì, kọ̀wé sí mi pé ó ti pẹ́ díẹ̀ tí òun ti máa ń lọ bá wọn kórè àjàrà ní erékùṣù Pantelleria nígbà ooru. Baba àgbàlagbà kan tí ó ń bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti ń rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ti kó lọ sí ìlú ńlá, baba náà sì ti fi ààbọ̀ hẹ́kítà lọ̀ ọ́ pé kí ó máa ro ó láìsan kọ́bọ̀. Ohun tí kò yé òǹkàwé wa ni pé igo kékeré kan ọtí dídùn tí wọ́n ń pè ní Passito di Pantelleria tó nǹkan bí 40 Yúrò ní ṣọ́ọ̀bù tí ó ti rí i, síbẹ̀ àwọn tí ń gbin àjàrà rẹ̀ ń pa oko tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó béèrè pé: «Níbo ni owó náà ń gbà lọ, ṣé kí n sì gba ilẹ̀ yìí?»

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé. Bí ó bá jẹ́ pé èso àjàrà nìkan ni ẹ fẹ́ máa tà fún àwọn tó ń pọn ọtí, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má gba ilẹ̀ náà. Bí ọ̀nà bá wà tí èso náà fi lè di ọtí lábẹ́ orúkọ tiyín, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ rí dájú ná. Ohun tó fà á tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé 40 Yúrò tí ẹ rí lára igo kì í ṣe owó àgbẹ̀. Owó ẹni tó ni igo ni. Láàárín àwọn méjèèjì yìí ni gbogbo ìṣòro ọ̀rọ̀ ajé àwọn àgbẹ̀ kéékèèké Pantelleria wà.

Ẹ̀yin ti fi ọwọ́ ara yín ṣe iṣẹ́ náà, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí bí ó ṣe nira tó, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn tó ń ka ìdáhùn yìí lè má mọ̀. Pantelleria jẹ́ erékùṣù tí òkè ayọnáyèéfín bí, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlómítà onígun mẹ́rin 83 lọ, ó sì sún mọ́ Tùnísíà ju Sísílì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ Ítálì ni ó wà. Ilẹ̀ rẹ̀ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí náà àwọn baba ńlá wọn fi òkúta mọ ògiri láìlo sìmẹ́ǹtì, wọ́n sì gé ilẹ̀ náà sí ìpele-ìpele. Afẹ́fẹ́ kì í dá níbẹ̀. Àjàrà Zibibbo, èyí tí àwọn mìíràn mọ̀ sí Muscat ti Alexandria, ni wọ́n ń gbìn sínú kòtò fẹ̀ẹ̀rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń gé e kúrú kí ó lè ba mọ́lẹ̀ sínú kòtò náà, kí afẹ́fẹ́ òkun lè gba orí rẹ̀ kọjá, kí ìwọ̀nba omi òjò sì lè dúró ti gbòǹgbò rẹ̀. Ní ọdún 2014, àjọ UNESCO kọ ọ̀nà ìgbinjàrà yìí mọ́ àwọn àṣà ìbílẹ̀ tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Iyì ńlá ni, ó sì tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí UNESCO yìn yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ẹ̀rọ lè wọ oko. Katakátá kò lè gba àárín ìpele, ẹ̀rọ ìkórè kò sì lè ká èso tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ilẹ̀, nítorí náà ẹ̀yìn títẹ̀ àti orúnkún kíkúnlẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, láti orí títún ẹ̀ka gé títí dé orí kíkórè. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà sábà máa ń sọ pé wákàtí tí hẹ́kítà kan ń gbà níbẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ọgbà àjàrà orí ilẹ̀ títẹ́jú.

Lẹ́yìn èyí ni sísá èso wà. Láàárín oṣù August ni wọ́n ń ká èso àkọ́kọ́, wọ́n á tẹ́ ẹ sí oòrùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, wọ́n á máa fi ọwọ́ yí i padà, wọ́n á sì máa bò ó nígbà tí òjò tàbí ìrì bá ń bọ̀. Ní oṣù September, wọ́n á ká ìyókù, wọ́n á fún omi rẹ̀ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ho fúnra rẹ̀ láìlo iná, kí ó lè di ọtí, wọ́n á wá já àjàrà gbígbẹ wọ̀nyẹn kúrò lórí igi rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì dà á sínú omi tó ń ho náà kí ó lè fún un ní adùn àti òórùn rẹ̀. Bí a bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, nǹkan bí kílò mẹ́rin èso tútù ni ó ń lọ sínú lítà kan Passito, nígbà tí lítà kan ọtí wáìnì lásán kì í sábà gbà ju kílò kan àtààbọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ìṣirò wo ààbọ̀ hẹ́kítà tí baba fi lọ̀ yín. Iye tí n óò fi ṣírò yìí jẹ́ àpẹẹrẹ, kì í ṣe iye owó ọjà òní, nítorí náà ẹ fi iye tí ẹ̀yin fúnra yín bá gbọ́ ní erékùṣù rọ́pò rẹ̀. Ká sọ pé hẹ́kítà kan mú tọ́ọ̀nù mẹ́rin èso wá, èyí tó dára fún ilẹ̀ gbígbẹ bẹ́ẹ̀; ààbọ̀ hẹ́kítà á mú 2,000 kílò wá. Bí olùrà bá san Yúrò méjì lórí kílò kan, 4,000 Yúrò nìyẹn fún ọdún kan gbáko. Bí ẹ bá sì lo 500 wákàtí lórí ilẹ̀ náà láàárín ọdún, Yúrò mẹ́jọ ni wákàtí kan ń pa fún yín, kí ẹ tó ra imí-ọjọ́ tí ẹ óò fi lé àrùn, kí ẹ tó san owó epo ọkọ̀, kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá bá yín kórè, kí òkúta kan tó yẹ̀ lára ògiri. Láàárín ìrúwé àti ìkórè, ẹ ò ní rí kọ́bọ̀. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ lébìrà ilé kíkọ́ tàbí tó ń tún ilé àwọn àlejò ṣe ní erékùṣù kan náà lè rí jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó rẹ̀ á sì wọlé lóṣooṣù. Ohun tó mú àwọn ọmọ baba yín kó lọ nìyẹn, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi.

Ẹ gbé èso kan náà yẹ̀ wò nígbà tó bá di ọtí. 2,000 kílò, bí a bá pín in sí mẹ́rin-mẹ́rin, jẹ́ 500 lítà, èyí tí í ṣe nǹkan bí 1,300 igo kékeré onímìlílítà 375. Ká ní alágbàtà gba ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ yín ní Yúrò 15, ó ti sún mọ́ 20,000 Yúrò. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 4,000 àti 20,000 yìí ni èsì ìbéèrè yín pé níbo ni owó ń gbà lọ. Àmọ́ kì í ṣe èrè lásán. Igo, ìdérí, ìwé ara igo, àyẹ̀wò ọtí, owó ẹni tó ni yàrá ìpọntí, owó ọkọ̀ ojú omi, gbogbo wọn ló wà nínú rẹ̀. Igo kékeré kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìnáwó tó igo ńlá, bẹ́ẹ̀ ni ìdajì ọtí ló wà nínú rẹ̀. Ohun tó wúwo jù, lójú tèmi, ni àkókò: èso tí ẹ ká ní August ọdún yìí lè má di owó títí di ọdún tó tẹ̀ lé e tàbí èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn. Ilé-iṣẹ́ ńlá lè dúró, nítorí ó ní ọtí ọdún tó kọjá nínú àgbá tí yóò máa tà. Àgbẹ̀ tó ní ààbọ̀ hẹ́kítà kò lè dúró, ìdí sì nìyí tí ó fi ń ta èso rẹ̀ ní tútù ní ọjọ́ ìkórè, ní iye tí wọ́n bá pè é. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ kòkó ní Oǹdó mọ̀ pé ẹni tí kò lè ju kí ó ta èso tútù lọ kì í bá wọn jókòó nígbà tí wọ́n bá ń pín èrè ṣokoléètì.

Mo fẹ́ ṣe òdodo sí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá o. Láìsí wọn, èso náà ìbá má ní olùrà púpọ̀ mọ́. Ọtí Bukkuram tí olùpọntí Marco De Bartoli gbé jáde ní àwọn ọdún 1980 àti Ben Ryé ti ilé-iṣẹ́ Donnafugata, tí ìkórè rẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ti 1989, wà lára àwọn tó gbé orúkọ Passito di Pantelleria dé ilé oúnjẹ káàkiri ayé. Òfin DOC, ìyẹn òfin Ítálì lórí orúkọ ọtí àti ibi tó ti wá, tó ń dáàbò bo orúkọ náà ti wà láti ọdún 1971, ṣùgbọ́n àwọn igo wọ̀nyẹn ni wọ́n fi mú kí aráyé gbà pé orúkọ náà tọ́ sí owó gọbọi. Ìṣòro rẹ̀ ni pé iye àwọn olùrà tó lè gba èso púpọ̀ kò pọ̀ ní erékùṣù kékeré, èso tó bá sì pọ́n lónìí kò ṣeé gbé pamọ́ dọ̀la, nítorí náà kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ iye owó ti lè tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àgbẹ̀.

Nígbà kan rí, àgbẹ̀ Pantelleria kò gbára lé ọtí nìkan. Wọ́n ń kó Zibibbo tútù àti èyí tó gbẹ lọ tà ní ilẹ̀ Ítálì fún jíjẹ, ọ̀nà méjì sì dára ju ọ̀kan lọ fún ẹni tó ń dúró de olùrà. Àjàrà tí kò ní kóró ló wá gba ọjà jíjẹ yẹn lọ́wọ́ wọn, nítorí Zibibbo ní kóró nínú. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún hẹ́kítà ni àjàrà bò ní erékùṣù náà. Ohun tó ṣẹ́ kù lónìí kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ. Ẹ̀yin náà á ti rí ìpele tí igbó ti bò, tí ògiri rẹ̀ ti ń wó.

Ọjà ọtí dídùn náà kò rí bí ó ti rí mọ́. Ní Yúróòpù, àwọn ènìyàn ti dín ọtí mímu kù, wọ́n sì ń sá fún ṣúgà, ẹni tó sì fẹ́ wa ọkọ̀ lọ sílé kì í béèrè ife kan sí i lẹ́yìn oúnjẹ. Abẹ́ orúkọ Pantelleria kan náà ni irú ọtí tí wọ́n ń pè ní liquoroso wà, èyí tí wọ́n ń fi ọtí líle kún, tí kò sì wọ́n rárá ní ilé ìtajà ńlá; ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ á máa bi yín pé kí ló dé tí tiyín fi wọ́n. Wọ́n tún ń gbin Zibibbo ní ìwọ̀-oòrùn Sísílì, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, níbi tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Nípa títà sókè òkun, láti ọdún 2023 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣírò owó orí ọtí gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀ ṣe tó, Passito sì máa ń lágbára ju ọ̀pọ̀ ọtí funfun lọ. Amẹ́ríkà náà gbé owó ibodè lé ọjà Yúróòpù ní 2025. Ilé-iṣẹ́ ńlá lè pín ìnira yìí sórí oríṣiríṣi ọtí tí ó ń tà. Ẹni tó ní oríṣi kan ṣoṣo kò ní ibi tí yóò gbé e sí.

Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ olùpọntí erékùṣù náà ṣe ń fi Zibibbo pọn ọtí funfun tí kò dùn. Àwọn kan bínú sí èyí, wọ́n ní ó ń pa Passito. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọtí funfun kì í gba kílò mẹ́rin fún lítà kan, kò nílò sísá, ó sì lè dé ọjà ní ìrúwé tó tẹ̀ lé ìkórè, nítorí náà owó rẹ̀ ló ń jẹ́ kí àgbẹ̀ lè dúró de Passito. Bí ẹ bá gba ilẹ̀ yìí, ohun tí mo rò pé ó bọ́gbọ́n mu ni pé kí apá tó pọ̀ jù nínú èso yín lọ sí ọtí funfun tàbí kí ẹ tà á ní tútù, kí ẹ sì fi apá kékeré ṣe Passito ní ọdún àkọ́kọ́, títí ẹ óò fi mọ iye igo tí ẹ lè tà. Ẹ má gbìyànjú láti kọ́ yàrá ìpọntí tiyín. Ẹ wá ẹnì kan tó ti ní i ní erékùṣù náà, kí ẹ máa sanwó fún un kí ó bá yín pọn èso yín lọ́tọ̀. Igi kékeré tí wọ́n ń pè ní kapari tún wà níbẹ̀, tí ìrudi òdòdó rẹ̀ tí wọ́n ń jẹ jẹ́ ọjà tó gbajúmọ̀ tí orúkọ rẹ̀ ní ààbò òfin. Iṣẹ́ ọwọ́ pátápátá ni òun náà, ṣùgbọ́n láti May ni wọ́n ti ń ká a, owó rẹ̀ sì lè wọlé ní àkókò tí àjàrà kò mú nǹkan wá.

Ẹ tún fi ti ojú ọjọ́ sọ́kàn. Ní ọdún 2023, òjò ìrúwé tó pọ̀ jù mú àrùn peronospora wọ ọgbà àjàrà káàkiri gúúsù Ítálì, ó sì run ìkórè ọ̀pọ̀ àgbẹ̀. Ìṣirò tí mo ṣe lókè yìí jẹ́ ti ọdún tó dára. Ọdún burúkú kan á gbé owó ọdún méjì lọ, nítorí ẹ óò ti ṣe gbogbo iṣẹ́ náà tán kí ẹ tó mọ̀ pé èso kò sí. Ẹni tí kò bá ní iṣẹ́ mìíràn tàbí owó ìpamọ́ tí yóò fi jẹun ní ọdún bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ara rẹ̀ sínú rẹ̀.

Mo wá dé orí ìwé àdéhùn, ibi tí ọkàn mi kò ti balẹ̀ rárá nípa ohun tí baba fi lọ̀ yín. Ó dùn létí pé ilẹ̀ náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ní òfin Ítálì, ẹni tó yá ènìyàn ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ láìdá àkókò lè béèrè fún un padà ní ọjọ́ tó bá wù ú. Bí baba bá ṣàìsí, tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ ta ilẹ̀ náà fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé àlejò, ọwọ́ òfo ni ẹ óò bá jáde, pẹ̀lú gbogbo òkúta tí ẹ ti tò àti àjàrà tuntun tí ẹ ti gbìn, àjàrà tí kì í so dáadáa kí ó tó pé ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ó sàn púpọ̀ kí ẹ san owó ilẹ̀ táṣẹ́rẹ́ lọ́dọọdún. Òfin 203 ti ọdún 1982 fún ẹni tó háyà ilẹ̀ oko ní ọdún 15, àyàfi bí àwọn méjèèjì bá fohùn ṣọ̀kan lórí iye ọdún mìíràn níwájú ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó ń tì wọ́n lẹ́yìn. Ẹ lọ bá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Ítálì bíi Coldiretti tàbí CIA (Confederazione Italiana Agricoltori), kí wọ́n bá yín kọ ìwé náà, kí ẹ sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba.

Láìsí ìwé tó forúkọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣòro kí ẹ tó rí ìrànwọ́ kankan gbà. Òfin 238 ti ọdún 2016, ní abala rẹ̀ keje, sọ pé kí ìjọba máa ran àwọn ọgbà àjàrà tó wà ní ibi tó nira láti ro lọ́wọ́, Pantelleria sì bá àpèjúwe yẹn mu. Owó Ìṣọ̀kan Yúróòpù náà wà. Ṣùgbọ́n iye hẹ́kítà ni wọ́n fi ń pín ọ̀pọ̀ nínú owó yìí, nítorí náà ohun tó ń kan ààbọ̀ hẹ́kítà kéré, ìwé tí ẹ óò kọ láti gbà á sì pọ̀ bákan náà bíi ti ẹni tó ní ogún hẹ́kítà. Mo gbà tọkàntọkàn pé àṣìṣe ni èyí. Ògiri òkúta wọ̀nyẹn ló ń dá ilẹ̀ dúró kí òjò má wọ́ ọ lọ sókun, àwọn àlejò sì ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá wò wọ́n, síbẹ̀ àgbẹ̀ tó ń ta èso ní Yúrò mélòó kan lórí kílò ni wọ́n dá owó àtúnṣe wọn lé lórí. Iye mítà ògiri tí ènìyàn ń tọ́jú ni ó yẹ kí wọ́n fi máa sanwó fún un. Títí wọn yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ óò máa san án.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ béèrè bóyá ọgbà náà wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọgbà àjàrà ti ìjọba gẹ́gẹ́ bí èyí tó lẹ́tọ̀ọ́ sí orúkọ DOC, nítorí bí kò bá sí níbẹ̀, ọtí yín kò lè jẹ́ Passito di Pantelleria, bó ti wù kí ó dùn tó. Ẹ rí i dájú pé ìwé ìgbélùú yín gbà yín láyè láti dá iṣẹ́ ṣe. Ẹ bi baba bóyá òun nìkan ló ni ilẹ̀ náà, tàbí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ náà ní ìpín nínú rẹ̀, nítorí ilẹ̀ ogún níbẹ̀ sábà máa ń ní onílẹ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bá a rìn yí ìpele gbogbo ká, ẹ ka ibi tí ògiri ti ń yẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó wà nínú ìwé àdéhùn ẹni tí yóò san owó àtúnṣe bí òjò ìgbà ìwọ́wé bá wó o. Bí baba tàbí àwọn ọmọ rẹ̀ bá kọ̀ láti kọ ìyẹn sílẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì máa bá wọn kórè lọ gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń ṣe.